Àga Tí Mo Bá Nílẹ̀: Oṣù Mẹ́rin Láàárín Àwọn Tí Kò Fẹ́ Rí Mi

Ọjọ́ Ajé ni mo wọṣẹ́. Aago 8 kò tíì lù tí mo fi dé ọ́fíìsì tí a ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹrù tó ń wọ sítọ́ọ̀ àti èyí tó ń jáde. Ènìyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo kí wọn: "Ẹ káàárọ̀ o." Ẹnì kan dáhùn pẹ̀lú "hùn" tí kò kọjá ọ̀fun. Àwọn mẹ́rin yòókù tẹjú mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo tún wọn kí, torí mo rò pé wọn ò gbọ́.

Wọ́n gbọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń kọ ìlà díẹ̀ nípa ọjọ́ mi sínú ìwé kékeré kan kí n tó sùn. Inú ìwé yẹn ni mo ti yọ àkọsílẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ipò wọn ni màá fi máa pè wọ́n. Àṣìṣe tèmi nìkan ni mi ò bò.

Ipò alábòójútó àkọsílẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí. Ìyẹn ni pé ìwé tí àwọn márùn-ún bá ṣe, ọwọ́ mi ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá lókè. Obìnrin tó dàgbà jù nínú yàrá náà, Àǹtí ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, títí kan ọ̀gá. Ọdún kẹrìnlá wọn nìyẹn níbẹ̀. Bàbá tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ wọn ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló ń ka ẹrù bí wọ́n bá ń já a sílẹ̀ látinú ọkọ̀. Ẹnì karùn-ún ni akọ̀wé owó, ọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tó máa ń ki íyáfóònù bọ etí láti àárọ̀ di alẹ́. Ọjọ́ kan ni mo rí i pé okùn íyáfóònù náà kàn rọ̀ sílẹ̀ dirodiro ni, kò so mọ́ fóònù kankan.

"Hùn"

Kò sí ẹni tó bú mi. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó ń kà á, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ á já. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á kú sí wọn lẹ́nu. Mo lè béèrè ibi tí fáìlì kan wà, wọ́n á ní "Ó wà níbẹ̀ yẹn," láì na ìka síbì kankan. Bí àkókò ìsinmi bá tó, àwọn máràrùn-ún á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jáde, á wá ku èmi àti àga mẹ́fà.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà mi. Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wà láti ọjọ́ tí mo ti dé, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà pélébé kan. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń wò mí bí mo ṣe ń pààrà ọ̀dọ̀ ọ̀gá lókè nítorí rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba oorun lójú mi. Mi ò kì í ṣe ọmọdé, mo ti ṣiṣẹ́ níbi méjì ṣáájú, síbẹ̀ màá dùbúlẹ̀ lóru, màá máa ro "hùn". Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo ka nípa Kipling Williams, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn tì. Ó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kọ́kọ́ kàn án: ó jókòó sí ọgbà ìgbafẹ́ kan pẹ̀lú ajá rẹ̀, ni àwo ìṣeré tí àwọn ọkùnrin méjì kan ń jù síra wọn bá wá balẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jù ú padà, àwọn náà jù ú sí i, wọ́n jọ ń ṣe é fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójijì, wọn ò jù ú sí i mọ́, wọn ò wojú rẹ̀ mọ́. Kò mọ̀ wọ́n rí, síbẹ̀ ó dùn ún wọ egungun. Ó sọ ìyẹn di eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ṣe ìwádìí. Ní 2003, òun àti Naomi Eisenberger àti Matthew Lieberman gbé àwọn tó ń ta eré náà sínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọpọlọ. Nígbà tí wọn ò ju bọ́ọ̀lù sí ènìyàn mọ́, apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń ta jí bí nǹkan bá ń ro ènìyàn lára ló ta jí. Ìwádìí mìíràn tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2004 fi hàn pé ó ń dun ènìyàn bẹ́ẹ̀ kódà bí wọ́n bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kọ̀ǹpútà lásán ló ń bá ṣeré.

Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn ni mo jáwọ́ nínú bíbá ara mi wí pé ojú mi ti rọ̀ jù.

Ọjọ́ mẹ́rin

Mo bá ìwé ẹrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ tí wọn ò tíì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, mo dojú kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó dúró sáàárín yàrá, ó ní: "Ẹ wò ó! Ohun tí ẹ̀yin ò rí ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó dé lánàá fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é."

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, "hùn" pàápàá dáwọ́ dúró.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ báyìí fún ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ yíyá ni òun máa fi rí ojú rere. Ní ilé iṣẹ́ Hawthorne, ti Western Electric, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kó ọkùnrin 14 sínú yàrá kan láti oṣù kọkànlá 1931 di oṣù karùn-ún 1932. Iṣẹ́ wáyà ohun èlò tẹlifóònù ni wọ́n ń ṣe, àwọn olùwádìí sì ń wò wọ́n. Owó tí wọ́n ń gbà rọ̀ mọ́ iye iṣẹ́ tí gbogbo wọn bá jọ ṣe, torí náà èèyàn á rò pé ńṣe ni wọ́n á máa sáré. Ó tì o. Wọ́n ti ní iye kan lọ́kàn tó tó fún ọjọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Ẹni tó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á fún un ní orúkọ ẹ̀sín, tàbí kí wọ́n kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá. Ẹni tó bá ṣe kéré jù náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá, tiẹ̀ ló burú jù. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé bí iṣẹ́ bá lọ sókè, wọ́n lè gé iye tí wọ́n ń san lórí rẹ̀, tàbí kí wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ rántí ọdún tí a ń sọ: àkókò tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ni ní Amẹ́ríkà. Àìríṣẹ́ ṣe gan-an ló sì fòpin sí ìwádìí náà.

Kò sí ẹni tó kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo ṣe láì mọ̀: mo fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ́rìí fún ọ̀gá pé oorun ni àwọn márùn-ún ń sùn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ìdí tí ìwé yẹn fi ṣẹ́ jọ. Ìdí ń bẹ.

Báírò àti sítépúlà

Ìtìjú ni kí n máa sọ apá yìí, torí náà màá yára sọ ọ́. Mo ra báírò tó dára fún olúkúlùkù wọn. Mo gbé e sí orí tábìlì Àǹtí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà sọ́dọ̀ mi. "A ní báírò," wọ́n ní. Ó tán.

Lẹ́yìn náà, ẹnì kan sọ fún mi nípa ẹ̀tàn kan tó ti pẹ́. Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà nì, ní alátakò kan nínú ilé ìgbìmọ̀ tó ti ń ṣe akọ̀wé. Kò pọ́n ọkùnrin náà lé. Ohun tó ṣe ni pé ó ránṣẹ́ sí i pé kó yá òun ní ìwé kan tó ṣọ̀wọ́n. Ọkùnrin náà yá a, Franklin dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìdúpẹ́, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ títí ikú fi yà wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣe ènìyàn lóore lẹ́ẹ̀kan máa ń fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ó dára. Mo lọ bá akọ̀wé owó pé kó jọ̀ọ́ kó yá mi ní sítépúlà. Ó yọ íyáfóònù kan létí. Ó wojú mi, ó wo tábìlì mi, níbi tí sítépúlà mi jókòó sí gbọingbọin. Ó ki íyáfóònù rẹ̀ bọ etí padà.

Ìwé tí Franklin yá, kò ní irú rẹ̀ nílé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Ìlà méjì lórí bébà

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni òtútù inú yàrá yẹn wá di ìpalára gidi. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé ní aago 8 gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo bá ọ́fíìsì lófìfo. Gbogbo wọn ti wà ní sítọ́ọ̀ láti aago 6 àbọ̀: ọjọ́ kíka ẹrù ni, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti kéde rẹ̀ lálẹ́ àná. Wọ́n ní gúrúùpù kan níbẹ̀. Mi ò sí nínú rẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Èmi tó yẹ kí n fọwọ́ sí iye tí wọ́n bá kà ni mo dé kẹ́yìn, ọ̀gá sì rí mi bí mo ṣe ń wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá. Ojú ewé mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà síbẹ̀, hùn, báírò, páásíwọ́ọ̀dù, bí ẹ̀rín ṣe ń kú. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n kà á tán, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo fẹ́ kí ọ̀gá yín ṣe gan-an?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ká sòótọ́, ohun tí mo fẹ́ ni kí ọ̀gá pàṣẹ fún wọn kí wọ́n fẹ́ràn mi.

Wọ́n ní kí n fa ìlà sí àárín bébà kan, kí n kọ ohun tó ba iṣẹ́ jẹ́ sí apá òsì, kí n kọ ohun tó dùn mí sí apá ọ̀tún. Apá ọ̀tún kún dé ìsàlẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà ní apá òsì: páásíwọ́ọ̀dù, ìkéde ọjọ́ kíka ẹrù, àti fáìlì kan tí akọ̀wé owó jókòó lé fún ọjọ́ méjì.

"Apá òsì ni kó o gbé lọ," wọ́n ní. "Má dárúkọ ẹnì kankan. Sọ ohun tó o fẹ́ kó yí padà."

Mo béèrè ìgbà tí a lè pe irú nǹkan báyìí ní inúnibíni. Èsì tí wọ́n fún mi wúlò gan-an. Heinz Leymann, tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Sweden, fi òdiwọ̀n kan lélẹ̀: kí ó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kí ó sì tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣì ni tèmi. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un kíákíá pé òdiwọ̀n olùwádìí nìyẹn, kì í ṣe òfin. Àdéhùn 190 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fọwọ́ sí ní 2019, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2021, sọ pé ìwà ipá àti ìfìtínà níbi iṣẹ́ lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. "Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn ọ́ lọ́nà tí kò yẹ," wọ́n ní, "tàbí tó bá halẹ̀ mọ́ ọ, tàbí tó ń fi ẹ̀yà ara rẹ tàbí ibi tó o ti wá ṣe yẹ̀yẹ́, o ò gbọdọ̀ fa ìlà kankan sí bébà. Ọjọ́ náà gan-an ni kó o kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì lọ sọ."

Kò sí èyí nínú tèmi. Mo gòkè lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa lẹ ìkéde ọjọ́ kíka ẹrù mọ́ pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí pé ẹlòmíràn lè má wo fóònù rẹ̀ lálẹ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò pé. Lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta ṣì wà nínú fóònù mi.

Ohun tí Bàbá sọ

Ọkọ̀ ẹrù kan pẹ́ lọ́nà ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ó di dandan kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé dúró dè é. Èmi àti Bàbá nìkan ló kù. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí mo bi wọ́n bóyá kí n bá wọn tan iná.

Ló bá ṣe, wọ́n ní: "Ṣé o mọ ẹni tó jókòó sórí àga yẹn kó o tó dé?"

Mi ò mọ̀. Mi ò bèèrè rí.

Àǹtí ni. Nígbà tí alábòójútó àtijọ́ lọ, Àǹtí ni wọ́n ní kó dì í mú. Oṣù 11 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ènìyàn méjì, owó ènìyàn kan ni wọ́n ń gbà. Ìdí tí ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi ṣẹ́ jọ nìyẹn. Wọ́n kọ̀wé béèrè fún ipò náà, wọn ò sì jẹ́ wọn ní èsì kankan; ọjọ́ tí mo wọlé ni wọ́n rí èsì. Ó tún ku kiní kan. Ẹni tuntun tó dé kẹ́yìn ṣáájú mi, oṣù márùn-ún ló lò. Ó bá gbogbo wọn ṣe ọ̀rẹ́, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àṣé ó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sókè. Ìyẹn ló mú kí wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kẹta tó ń ka ẹrù.

"Ìwọ náà wá dé," Bàbá ní, "ò ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré."

Ara mi tutù. Ìwé tí mo fi ń tu ara mi nínú, tí mo máa ń mú jáde nígbà ìsinmi torí pé mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀! Lójú wọn, orúkọ wọn ni mò ń kọ.

Mi ò mú ìwé náà wá síbi iṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ìyẹn rọrùn. Ti àga ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bóyá kí n tilẹ̀ gbé àga náà fún Àǹtí, kí n mú èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ṣé àga ni wọ́n ń wá ni?" Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ lọ tọrọ àforíjì fún ohun tí mi ò jí, torí bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mò ń fi ìyà wọn sọ ara mi di ènìyàn rere.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ni pé kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ, kí n má sì sáré mọ́. Bí mo bá parí nǹkan ṣáájú, kí n bi ẹni tí iṣẹ́ kan bá wà lọ́rùn rẹ̀ bóyá kí n bá a mú díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló kọ́kọ́ gbà. "Ẹ bá mi ka apá ibẹ̀ yẹn," ó ní. Gbólóhùn yẹn ló gùn jù nínú ohun tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi nínú yàrá náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Páálí 212

Ohun tó wá yí nǹkan padà, àṣìṣe mi ni. Mi ò gbèrò rẹ̀ o. Ká ní mo gbèrò rẹ̀ ni, ìran sítépúlà ni ì bá tún jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kọ ẹrù àdápadà: ẹ̀ẹ̀kan nínú ìwé ńlá, ẹ̀ẹ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tó wà lórí méjèèjì kì í sì í bára mu. Lójú mi, àìmọṣẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n pa ìwé ńlá tì. Kò sí ẹni tó jà mí níyàn.

Ní òpin oṣù kejì, kọ̀ǹpútà sọ pé páálí 212 wà ní sítọ́ọ̀ tí kò sí ní sítọ́ọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà á. Ọ̀gá ń retí ìwé náà lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe kékeré, torí páálí 212 tí a ò rí, olè ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi pè é.

Mo lọ dúró níwájú tábìlì Àǹtí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti ba nǹkan jẹ́, mi ò sì mọ ibi tí mo ti bà á jẹ́."

Wọn ò gbójú sókè. "Àdápadà ni. Ọjọ́ tó o ti yí i ni mo ti mọ̀ pé ibi tó máa já sí nìyí."

Inú bí mi. Ẹni tó mọ̀ láti oṣù méjì! Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi kí n tó rántí pé èmi náà ò bi wọ́n kí n tó yí i. Mo gbé e mì. Mo ní: "Ẹ bá mi wò ó, ẹ dákun."

Wọ́n fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà mi. A ò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹrù àdápadà tó bá dé, kì í tíì ṣe ọjà; igun kan ni wọ́n ń kó o sí títí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi dé. Ọjọ́ tó dé ló wà nínú ìwé ńlá. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí i pé ó ṣeé tà ni wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá ṣeé tà, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ṣe é, kò ní dé inú kọ̀ǹpútà láéláé. Èmi ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọjà lọ́jọ́ tó bá ti balẹ̀. Páálí 180 ṣì wà ní igun yẹn tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, 32 ti lọ pátápátá. Ó pé géérégé. Àǹtí fi báírò wọn fa igi sábẹ́ iye náà, báírò àtijọ́ kan tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù.

Nínú ìwé tí mo kọ sí ọ̀gá, mo kọ ọ́ pé èmi ni mo yí ìlànà náà láì béèrè, Àǹtí ló sì rí ibi tó ti wọ́. Níbi ìpàdé, ọ̀gá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe: "Ẹ wo bí ẹni tuntun yìí ṣe…" Mo ní, "Ẹ máa bínú sà, èmi kọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Àwọn Àǹtí ni wọ́n tún un ṣe." Yàrá pa lọ́lọ́. Mi ò sọ ọ́ láti fi gbé wọn ga. Bí mo bá dákẹ́, irọ́ ni ìdákẹ́ náà máa jẹ́, àwọn márùn-ún sì wà níbẹ̀ tí wọ́n mọ̀.

Bí a ṣe ń jáde, Àǹtí ní: "Ta ló ní kó o dá sí i?" Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, fóònù mi dún lálẹ́. Mo wò ó, mo rí i pé wọ́n ti fi mí kún gúrúùpù WhatsApp náà. Kò sí ẹni tó kí mi káàbọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́yìn orúkọ mi ni: "Kíka ẹrù lọ́la, 6:30. Kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ o."

Ẹni tí kò yí padà

Èèyàn á fẹ́ kí n sọ pé gbogbo wọn ló di ọ̀rẹ́ mi. Rárá o. Bàbá ń dá mi lóhùn báyìí, wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣàdúrà fún mi bí mo bá kí wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì ń bá mi ṣàwàdà. Èmi àti akọ̀wé owó, bí a ṣe wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní la ṣì wà.

Mo ti bèèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ẹni tí wọ́n lé yẹn ni, àti pé irú rẹ̀ kì í tètè yọ́. Mo wá ṣe ètò kan tí mo lè bá lọ. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, màá kọ ọ́ sí ìlà méjì, màá fi ọjọ́ sí i, màá sọ ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀. Màá kí i ní àárọ̀, mi ò ní dúró gbọ́ èsì. Fáìlì kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, torí ọjọ́ wà lára ìwé. Àwọn kan á ní ìyẹn kì í ṣe ìrẹ́pọ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ, mo sì ń sùn.

Ní ìparí oṣù kẹrin, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, Àǹtí gbé bébà kan wá sórí tábìlì mi. Ipò kan ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka mìíràn, ó ga ju tèmi lọ. Wọ́n ti kọ lẹ́tà, wọ́n fẹ́ kí n bá wọn tẹ̀ ẹ́, kí n sì wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo kà á. Lẹ́tà tó dára ni. Nínú ìpínrọ̀ kejì, wọ́n ti kọ gbólóhùn kan nípa oṣù 11 tí wọ́n fi di ipò alábòójútó mú, wọ́n sì ti fi báírò fa igi lé e lórí.

Mo bi wọ́n ìdí. Wọ́n ní kò yẹ kí èmi tí mo wà lórí ipò náà wá máa tẹ ìyẹn.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ mà," mo ní. "Òótọ́ ni."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣe bí mo bá ti fẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, mo tẹ lẹ́tà náà jáde ní ẹ̀dà méjì, wọ́n fọwọ́ sí i níwájú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Wọn ò tíì dá wọn lóhùn.